Ebi tí wọn kì í kọ sórí ìwé ikú

Lọ́jọ́ kan tí mò ń yẹ ìfúnpá àwọn oníṣòwò wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, bàbá kan tó ń ta ìṣó àti okùn bi mí ohun tí mò ń kọ sínú ìwé ọwọ́ mi. Mo ní bí mo bá ti yẹ èèyàn wò tán, mo máa ń bi í bóyá ó ti jẹun, àti bóyá ó mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la máa ti wá. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ní Àkúrẹ́ oníyán yìí? Ta lo rí tí ebi pa kú rí?"

Ìbéèrè gidi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò tíì rí ìwé ẹ̀rí ikú àgbàlagbà kan tí wọ́n kọ "ebi" sí. Ohun tí mo máa ń rí níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn kíndìnrín, ikọ́ ife. Bí olóògbé bá jẹ́ ẹni ọdún 48, àwọn ará àdúgbò á ní ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní kò ṣàìsàn kankan, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni. Wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á sunkún, wọ́n á sin ín. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ń jẹ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ebi ń pa àgbàlagbà, àmọ́ orúkọ àrùn mìíràn ló fi ń pa á. Àwọn onímọ̀ kan ti ka irú ikú bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n rí sì ti di ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lódì: "Ẹni tí kò bá rí oúnjẹ jẹ máa pàdánù ọdún mẹ́sàn-án láyé." Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ gan-an ló wù mí kí n tú palẹ̀ níbí, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí ju bí a ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la máa ń dà pọ̀. Ìyàn ni ìgbà tí oúnjẹ bá wọ́n ní gbogbo ìlú, tí olówó àti tálákà jọ ń wá a kiri. Ebi ni ohun tí ikùn ń sọ. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì mọ ebi dáadáa, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọkàn wọn balẹ̀: bí oòrùn bá wọ̀, oúnjẹ wà. Ẹ̀kẹta ni kò ní orúkọ kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Òun ni ti ẹni tí kò mọ̀ bóyá oúnjẹ máa wà bí oòrùn bá wọ̀, tí kò mọ̀ lánàá, tí kò sì ní mọ̀ lọ́la. Màá máa pè é ní àìrí-oúnjẹ-gbọ́kàn-lé. Bó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ikùn aláàwẹ̀ àti ikùn ẹni yìí lè ṣófo bákan náà. Ìdánilójú ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní 1996, níbi ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí oúnjẹ ní Róòmù, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa pè ní ìdánilójú oúnjẹ. Wọ́n ní ó wà nígbà tí gbogbo èèyàn, nígbà gbogbo, bá lè dé ibi tí oúnjẹ wà, tí wọ́n lówó láti rà á, tí oúnjẹ náà tó, tí kò léwu, tó ń ṣe ara lóore, tó sì bá ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ mu. Ẹ kíyè sí "nígbà gbogbo" yẹn. Ẹni tó jẹ àjẹyó ní ọ̀sẹ̀ tí owó wọlé, tó wá ń fi omi tutù pa ebi ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, kò sí nínú àwọn tí oúnjẹ dá lójú.

Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ nípa iyán. Ẹ dé Ọjà Ọba tàbí ọjà Ìsinkàn láàárọ̀, ẹ máa rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́, gàrí, àti púpurú tí wọ́n gbé wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́ràá. Àmọ́ kòkó ló wà lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, a kì í sì í se kòkó jẹ. Ẹni tó ní oko kòkó ní Ìdànrè máa rí owó gbà nígbà ìkórè. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì tó ti Òkè Ọya wá ló máa fi owó yẹn rà títí ìkórè mìíràn á fi dé. Nítorí náà, bí oúnjẹ tilẹ̀ kún ọjà, owó ló ń ṣílẹ̀kùn fún un kó tó wọ inú ilé.

Owó náà ńkọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye tí oúnjẹ ń ná èèyàn fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ní èdè ọjà, ẹrù oúnjẹ tí ẹ fi ₦10,000 rà lọ́dún tó ṣáájú ti ń gba ₦14,000 ó lé. Ní oṣù keje ọdún náà ni owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Èyí ran àwọn tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́. Àmọ́ ta ló ń san owó oṣù fún ẹni tó ń ta ata? Ta ló ń san án fún télọ̀, fún ọlọ́kadà, fún obìnrin tó ń fọ aṣọ kiri ilé onílé? Àwọn yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń yẹ̀ wò. Oṣù kẹrin sí ìkeje tún máa ń le fún wọn, nítorí iṣu àtijọ́ ti ń tán, ìyẹn tó kù ti di ọ̀wọ́n, tuntun kò sì tíì jáde.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó wà nínú àìrí-oúnjẹ-gbọ́kàn-lé yìí? Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ní ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n ń béèrè káàkiri ayé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan ikùn, ọkàn ló kàn: láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹ̀ ń dààmú pé oúnjẹ kò ní tó, nítorí àìsí owó? Wọ́n á wá béèrè bóyá ìgbà kan wà tí ẹ ò rí oúnjẹ tó ṣara lóore jẹ, àti bóyá oúnjẹ oríṣi díẹ̀ kan náà lẹ̀ ń jẹ ṣáá. Lẹ́yìn ìyẹn ló kàn bóyá ẹ fo oúnjẹ kan, bóyá èyí tí ẹ jẹ kò tó bó ṣe yẹ, bóyá oúnjẹ tán pátápátá nínú ilé. Ìkeje ní ṣé ebi pa yín tí ẹ ò sì jẹun. Ìkẹjọ ní ṣé ẹ fi odidi ọjọ́ kan wà láìjẹun. Bí ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ń le sí i.

Mo bi bàbá oníṣòó náà ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wọ́n dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí márùn-ún àkọ́kọ́ láìronú. Wọ́n ní 0-1-0 làwọn ń jẹ: kò sí tàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án tó ti fẹ́ di ìrọ̀lẹ́, kò sí talẹ́. "Àmọ́ ebi kì í pa mí. Ó ti mọ́ mi lára." Ìfúnpá wọn lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 168 lórí 102, ó ga gan-an.

Gbólóhùn "ó ti mọ́ mi lára" yẹn, ẹ fi sọ́kàn. Nínú ìròyìn tí FAO àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2024, wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 733 èèyàn ni ebi pa ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí oúnjẹ gbọ́kàn lé, yálà ó mọ níwọ̀n tàbí ó le gan-an, jẹ́ bílíọ̀nù 2.33. Ìkejì fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì ni bàbá oníṣòó wà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án. Kánádà ni ìwádìí náà ti wá, ó sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020 nínú ìwé ìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà orílẹ̀-èdè náà. Fei Men, Valerie Tarasuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe é. Ìjọba ibẹ̀ ti bi àwọn àgbàlagbà 510,010 ní ìbéèrè nípa oúnjẹ láàárín 2005 sí 2017. Àwọn olùwádìí yìí wá fi orúkọ wọn wá inú àkọsílẹ̀ ikú, láti mọ ẹni tó kú kó tó kọjá ọdún 82, tó jẹ́ iye ọdún tí ará Kánádà sábà máa ń lò láyé. Ẹni 25,460 ló ti kú bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pín àwọn tí kò rí oúnjẹ gbọ́kàn lé sí mẹ́ta. Àwọn kan wà tí ìdààmú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún. Àwọn kan ti ń já oúnjẹ wálẹ̀, tí wọ́n ń jẹ èyí tí kò dára tó tàbí tí kò tó. Àwọn tó kẹ́yìn ló ń fo oúnjẹ, tí oúnjẹ tilẹ̀ máa ń tán nílé wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí oúnjẹ dá lójú, ewu ikú àìtọ́jọ́ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún àwọn àkọ́kọ́, ìdá 11 fún àwọn tó wà láàárín, àti ìdá 37 fún àwọn tó kẹ́yìn.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ẹni tó gbọ́ 37 máa rò pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 37 ló máa kú. Ẹ jẹ́ ká fi agbo ilé méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí wọn dọ́gba, oúnjẹ sì dá àwọn ti agbo ilé kìíní lójú. Bí ẹni mẹ́wàá bá kú láìtọ́jọ́ nínú agbo ilé kìíní lọ́dún kan, ìdá 37 túmọ̀ sí pé nínú agbo ilé kejì, ẹni mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ló máa kú. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn ni àfikún. Lójú ẹni tó ń ka ìwé, ó lè dà bíi pé kò pọ̀. Àmọ́ ọdọọdún ni, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà sì ni wọ́n, tí wọ́n ní ọmọ nílé ìwé.

Ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Nínú àwọn tó ti kú láìtọ́jọ́, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí ìṣòro oúnjẹ wọn le jù nígbà tí wọ́n kú jẹ́ ọdún 59.5. Ti àwọn tí oúnjẹ dá lójú jẹ́ 68.9. Àárín méjèèjì ni ọdún mẹ́sàn-án tí à ń gbọ́. Òkú la fi wé òkú níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó ń jẹ 0-1-0 ti pàdánù ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìṣirò yẹn sọ ọjọ́ ikú ẹnikẹ́ni.

A ò sì lè gbé iye Kánádà wá sí Àkúrẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, aláìsàn kì í san owó kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba ló ń san án. Níbí, ìwọ náà mọ̀: káàdì, owó àyẹ̀wò, owó oògùn, kódà owó ọkọ̀ tí a fi dé ibẹ̀, inú àpò kan náà tí owó gàrí wà la ti ń mú gbogbo rẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára wọn ni ọ̀nà tí ebi gbà ń pa àgbàlagbà, ọ̀nà yẹn sì ni mò ń rí lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé owó oúnjẹ àti owó oògùn jọ ń jà. Mo mọ ìyá kan, ẹni ọdún 52, tí wọ́n kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún pé kó máa lo ọ̀kan lójúmọ́. Káàdì oògùn tó yẹ kó tán lóṣù kan, oṣù méjì ló fi ń lò ó. Ó ń dá a sí, bí a ṣe ń dá ẹran sí nínú ọbẹ̀ kó lè kan ọ̀la. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn yẹn ò ké pè mí. Àwọn ọmọ ló ń ké." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ebi máa ń ké, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké. Èyí tí kò ké la máa ń fi sílẹ̀ kọ́kọ́, òun náà ló sì ń já iṣan ọpọlọ lójú oorun. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, "rọpárọsẹ̀" ni wọ́n máa kọ sórí ìwé.

Ti ìtọ̀ ṣúgà tún burú jù, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan wà, bíi glibenclamide, àti abẹ́rẹ́ insulin, tí wọ́n máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Bí ẹni tó lò ó kò bá jẹun, ṣúgà náà á já kọjá ibi tó yẹ: òógùn á bò ó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máà já gaara mọ́. Bí wọn kò bá tètè fún un ní ohun dídùn, ó lè dákú, ó sì lè kú. Àwọn olùwádìí ní California, ní Amẹ́ríkà, wo ìgbà tí wọ́n ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ wọn jáde ní 2014. Láàárín àwọn tálákà, irú ìgbàwọlé bẹ́ẹ̀ fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ju ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Láàárín àwọn olówó, kò sí irú ìyàtọ̀ yẹn. Oògùn kan náà, àrùn kan náà. Owó oúnjẹ ló tán.

Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá oníṣòó, wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn náà ní ìtọ̀ ṣúgà, pé láàárọ̀ làwọn máa ń lo oògùn rẹ̀, pé bó bá ti ń lọ sí agogo méjìlá ọ̀sán, òógùn máa ń bo àwọn, ara àwọn a sì máa gbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti gba ààwẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹnì kan nínú ọjà ló ń bá àwọn jà.

Ẹ má sì fi ara gbígbẹ dá ebi mọ̀. Ìdí kan tí àwọn èèyàn kò fi gbà pé oúnjẹ kò tó ẹnì kan ni pé ó sanra. Ẹ wo ohun tí owó díẹ̀ lè rà: gàrí, púpurú, ìrẹsì funfun, búrẹ́dì. Gbogbo wọn ń fúnni lágbára, wọ́n sì ń kún inú. Ohun tó ń kọ́ ara, bí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀, òun ló wọ́n. Ẹni tí ebi ti ń pa láti àárọ̀ máa fi òkèlè ńlá sí i nírọ̀lẹ́, lórí ọbẹ̀ tí kò ní ẹja nínú. Kí ọbẹ̀ yẹn tó lè dùn, iyọ̀ àti magí ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù márùn-ún iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan. Ara á máa tóbi, ìfúnpá á máa gòkè, àwọn èèyàn á sì máa ní ayé ń yẹ ẹ́.

Jíjẹ oúnjẹ kan ṣáá tilẹ̀ ti ba ara jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá rí, tó sì di ohun tí gbogbo ayé kà. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa àìsàn kan tó wọ́pọ̀ lágbègbè Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kú, ìrìn wọn ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́, ojú wọn sì ń ṣú. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì so àìsàn náà mọ́ májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a fún, tí a sì dín dáadáa kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí kò bá sí nǹkan mìíràn lórí àwo ni ewu rẹ̀ ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwádìí Kánádà. Oríṣi ikú tí wọ́n wò ló ń pọ̀ sí i bí ìṣòro oúnjẹ bá le jù, àfi ti jẹ̀jẹrẹ nìkan. Fún àwọn tí ìṣòro oúnjẹ wọn le jù, ewu ikú láti ọwọ́ àrùn tó ń ràn ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjàǹbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìjàǹbá lè yà yín lẹ́nu. Kò ya ẹni tó ti gun ọ̀kadà tí ẹni tó ń gùn ún kò tíì jẹun láti àná lẹ́nu. Ní ti ìkẹyìn, mi ò ní sọ púpọ̀, àfi pé òbí tó ń wo ojú ọmọ tí kò lè bọ́ ń ru ẹrù tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn.

Ní ti àrùn tó ń ràn, ìpínlẹ̀ Oǹdó ní tirẹ̀. Ibà Lassa máa ń jà níbí, pàápàá lágbègbè Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí àrùn náà ń bá fínra jù ní Nàìjíríà. Eku ló ń gbé e. Wọ́n ń kìlọ̀ fún wa pé ká má sá èlùbọ́ tàbí gàrí sójú títì, pé oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ká dà á nù. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Àmọ́ ẹni tí kóńgò gàrí kan ṣoṣo kù fún nínú ilé, tó wá rí àmì eyín eku lára ọ̀rá rẹ̀, ìpinnu tó wà níwájú rẹ̀ kò rọrùn bó ṣe rí nínú ìkéde rédíò.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣé ebi ló ń fa àìsàn, àbí àìsàn ló ń fa ebi? Ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá jókòó kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, oúnjẹ á sì wọ́n nílé rẹ̀. Àbí ìṣẹ́ ló ń fa méjèèjì? Ìbéèrè tó yẹ kí olóye béèrè ni. Àwọn ti Kánádà gbìyànjú láti yọ owó tó ń wọlé, ẹ̀kọ́, ọjọ́ orí àti àwọn nǹkan mìíràn kúrò nínú ìṣirò wọn kí wọ́n tó gbà pé ìdá 37 ni. Síbẹ̀, ẹni tó kàn ń wo àkọsílẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ìwádìí kan ní Íńdíà ló sún mọ́ ìdí yẹn jù lójú mi. Ó jáde ní 2023, ìpínlẹ̀ Jharkhand ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n lọ sílé àwọn tó ní ikọ́ ife, wọ́n kó àwọn tó ń bá wọn gbé jọ, ẹni 10,345. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àwọn kan lóṣooṣù, ìrẹsì àti ẹ̀wà òtílí, pẹ̀lú fítámì, wọn kò sì fún àwọn tó kù. Níbi tí oúnjẹ dé, àwọn tí ikọ́ ife mú fi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ibi tí kò dé. Kò sí abẹ́rẹ́ tuntun, kò sí oògùn tuntun. Oúnjẹ ni, títí kan òtílí tí a mọ̀ sí oúnjẹ àwọn àgbà ní ìlú wa.

Kánádà tún kọ́ wa ní nǹkan kan. Bí tálákà ibẹ̀ bá ti pé ọdún 65, tí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wọlé fún un lóṣooṣù, ìṣòro oúnjẹ máa ń dín kù gidigidi láàárín irú wọn. Ara wọn kò yí padà ní ọjọ́ ìbí yẹn, wọn kò sì kọ́ ọgbọ́n oúnjẹ sísè tuntun. Owó tí wọ́n mọ ọjọ́ tó máa wọlé ló dé. Nítorí náà, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bá aláìsàn wí pé kò jẹ èso, kò jẹ ẹja. Ó mọ̀ ọ́n. Owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà á. Fún àgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń pẹ́ kó tó wọlé, oògùn ni owó yẹn, bó bá sì ti falẹ̀, bí ẹni fo oògùn ló rí.

Kí owó tó dé, nǹkan kan wà tó ṣeé ṣe lónìí. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ kì í sì í jẹun láàárọ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó kọ oògùn náà fún yín tàbí ẹni tó tà á, kí ẹ sọ ọ́ gaara: "Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jẹun." Kì í ṣe ìtìjú. Ó lè yí irú oògùn náà padà, tàbí wákàtí tí ẹ máa lò ó. Ẹ má dá dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè bóyá èyí tí owó rẹ̀ kéré wà, torí ó sábà máa ń wà. Oògùn ikọ́ ife àti ti HIV, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé nítorí owó oògùn náà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré fún bàbá oníṣòó, wọ́n sì mú un lọ bá dókítà: "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ni wọ́n ń lo oògùn." Dókítà pa oògùn náà dà. Nígbà tí mo tún dé ọ̀dọ̀ wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní òógùn ọ̀sán yẹn ti lọ, pé ọwọ́ àwọn kì í gbọ̀n mọ́ bí àwọn bá ń wọn ìṣó fún oníbàárà. Mo tún bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó ṣì jẹ́ márùn-ún.